Ẹgbẹ́ Tó Ń Wá Ipò Kẹrin

Missouri City, Houston
16 Oṣù Kejì, 1986

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí yín nítorí lẹ́tà tí ẹ kọ ní Kérésì tí n kò fèsì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya, nítorí n kò rí ohun tó dára tí mo lè sọ. Ẹ bá mi kí Ìyá mi àti àbúrò mi Bísọ́lá.

Ara mi le. Àǹtí Lará ń tọ́jú mi bí ọmọ inú wọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ tí mo ti dé, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo máa jókòó nínú kíláàsì mẹ́ta, tí mo máa wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ mi. Olùkọ́ ìṣirò pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò pè é dáadáa, kò sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́. Máàkì mi nínú kẹ́mísìrì kò dára. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé àwọn tó gbà mí wọlé ṣe àṣìṣe ni.

Ìròyìn kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù kan. Kóòṣì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Tillman, lẹ ìwé mọ́ ògiri pé òun ń wá ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, tí yóò máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ. Wọ́n fún mi ní ìwé ńlá kan àti fìlà, mo sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà. Ẹnì kan ló máa ń ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ẹni tó wá láti ẹgbẹ́ kejì yóò fẹ́ fi igi gbá a. Tó bá gbá a tí bọ́ọ̀lù sì bọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè hán an, yóò sáré. Ẹni tó bá sá yípo pápá, tó padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ti gba ayò kan. Ìpele mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ́ yìí wọ pileọ́ọ̀fù, ìyẹn ìdíje tí àwọn mẹ́rin tó bá ta yọ nínú líìgì máa ń gbá ní ìparí ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòṣì àtijọ́ lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Lọ́dún tó kọjá, nínú eré ogójì, mọ́kànlá péré ni wọ́n borí. Ọ̀gbẹ́ni Tillman ń tún un tò látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú líìgì, àwa sì parí sí ipò kẹjọ. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, gbogbo ibi ni wọ́n ti ń dín nǹkan kù níbí. Àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sọ pé bí a kò bá dé ipò kẹrin lọ́dún yìí, àwọn yóò tú ẹgbẹ́ náà ká.

Bàbá, ogún ọdún lẹ fi tọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé gíráńmà. Ṣé ẹgbẹ́ tó ti ṣubú báyìí lè padà dìde láàrin ọdún kan? Mi ò fẹ́ kí wọ́n tú u ká. Níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ orúkọ mi.

Èmi ọmọ yín,
Bíyìí


Ìkirun
10 Oṣù Kẹta, 1986

Bíyìí ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Láti Kérésì di oṣù kẹta. Ìyá rẹ ti fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà ṣe ibùsùn. Bí kò bá sí ohun tó dára láti sọ, kọ èyí tí kò dára. Ìwé òfìfo ni a kò lè kà.

Ìwọ tí mo ra bàtà bọ́ọ̀lù fún nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí o tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí eku fi bímọ sínú rẹ̀, ìwọ ló wá di ará ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan.

Ohun tí o béèrè: ọdún kan kéré. Ní 1968, ẹgbẹ́ mi dé àṣekágbá ìdíje àwọn ilé-ìwé. Ní 1969, àwọn ọmọ náà ti jáde, gbogbo ayé ń nà wá. Ó di 1972 kí a tó padà síbi tí a wà. Ṣùgbọ́n mo rí ilé-ìwé kan ní Ọ̀ffà tó ṣe é láàrin ọdún kan, nítorí ọmọ kan wà láàrin wọn tí gbogbo àwọn tó kù ń wojú rẹ̀. Ṣé ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ta ló máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń nà yín? Kọ ìyẹn ránṣẹ́. Má fi nọ́ńbà nìkan dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì kò dùn. Lará kọ̀wé sí mi. Ó ní bí ológbò lo ṣe ń wọlé, pé o kọjá lẹ́yìn òun níbi tí òun ti ń fọ abọ́, o kò sì ní ẹ kú iṣẹ́. Ó tì mí lójú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́, kì í ṣe ìgbéraga. Ará ibẹ̀ kò mọ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn, kí i. Ẹni tó ń jù ú, kí i. Ẹni tó ń sáré, kí i. Ẹni tó ń gbálẹ̀ pápá, kí i. Má jókòó síbẹ̀ bí àpò gàrí. Wọn yóò mọ̀ pé o nílé tí o ti wá.

Kẹ́mísìrì ńkọ́? Mo ń dúró.

Bàbá rẹ,
B. Mákánjúọlá


Missouri City
13 Oṣù Kẹrin, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú àmójúbá ìgbà òjò. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àǹtí Lará lórí ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa dé Ìkirun.

Mo ṣe ohun tí ẹ sọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kí bàbá tó ń fi ẹfun fa ìlà sí pápá. Ó dúró, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní mi ò fẹ́ nǹkan kan, pé nílé wa a máa ń kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ni. Ó rò ó díẹ̀, ó ní ìyẹn dára. Mo kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ò ní gbà pé wọ́n ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. “Ẹ kú iṣẹ́” ni wọ́n ń kí ara wọn ní gbogbo ìgbà, kódà wọ́n ń kí ẹni tó ń mu kóòkì. Dwayne, tó ń dúró láàrin pápá, tó sì láwàdà jù, ń kí mi bẹ́ẹ̀ tí mo bá jí lójú oorun nínú bọ́ọ̀sì.

A sì ti ń borí. N kò sọ pé ìkíni ló fà á. Ipò karùn-ún la wà lónìí. Eré mẹ́sàn-án ló kù. Mo ti ṣírò rẹ̀: tí a bá borí mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kí a dé ipò kẹrin, tí a bá borí méje, ó dájú. Ẹ̀rù ń bà mí láti nírètí. Méje nínú àwọn mẹ́sàn-án tó ń gbá a jẹ́ ọmọ ọdún kìíní bíi tèmi. Tí a bá ti ń ṣíwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ béèrè bóyá a ní ẹni tí gbogbo wọn ń wojú rẹ̀. Francis ni. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Humble, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó wọ pileọ́ọ̀fù lọ́jọ́sí. Tí wọ́n bá ń nà wá, kì í sọ̀rọ̀. Ó máa ń bu omi fún àwọn kékeré, lọ́kọ̀ọ̀kan, ni. Èmi náà ń wojú rẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí lọ́kàn. Ó yẹ kí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sinmi ọjọ́ mẹ́rin kó tó tún jù ú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì ni Kóòṣì jẹ́ kí Francis sinmi. Ó wà nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó fi sọ ọ́ fún Kóòṣì?

Kẹ́mísìrì ti sàn díẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Bíyìí


Ìkirun
3 Oṣù Karùn-ún, 1986

Bíyìí,

Mo ka lẹ́tà rẹ sétí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì. Wọn kò mọ eré náà, èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ fi tutù. Olúṣẹ́gun ní ẹ máa dé ipò kẹrin. Mo ní ẹ ò ní dé ibẹ̀. Mo fẹ́ kí ó borí mi.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni Francis yẹn. Ẹgbẹ́ tó gbára lé apá ẹnì kan kò tíì padà dìde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1970, mo lo ọmọ kan títí orúnkún rẹ̀ fi wú, mo sì ń pè é ní akin. Ó ń tiro títí dòní, a sì máa ń pàdé ní ọjà. Lọ bá kóòṣì yín pẹ̀lú ìwé rẹ. Tí ẹnu rẹ bá wúwo, bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bi í léèrè bí apá rẹ̀ ṣe ń ṣe é.

Kọ̀wé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbá eré ìparí. Lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá rẹ


Ìkirun
16 Oṣù Kẹfà, 1986

Bíyìí,

Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ti dé ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Akọ̀wé ibẹ̀ ti ń mi orí sí mi láti ọ̀ọ́kán kí n tó wọlé. Lará kọ̀wé pé ara rẹ le, pé o kàn ń jẹun díẹ̀, o sì ń sùn púpọ̀. Ìyá rẹ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé wọ́n lé ọ kúrò ní ilé-ìwé ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, eré ni. Mo ti fìdí rẹmi ju ìgbà tí mo lè kà lọ, mo sì wà láàyè.

Fèsì.

Bàbá rẹ


Missouri City
6 Oṣù Keje, 1986

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi bẹ Ìyá mi. Wọn kò lé mi. Mo yege nínú kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n n kò ní agbára láti yọ̀.

Lẹ́tà tí ẹ kọ ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ọjọ́ kẹwàá la ti gbá eré ìparí.

Nínú eré mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀, a borí mẹ́fà. Èyí tó kù ló máa pinnu, nítorí àwa àti ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá gbá jọ wà ní ipò kẹrin. Ẹni tó bá borí ló ń lọ. Francis ló ju bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ méjì péré ló sinmi. Títí ìpele keje fi parí, ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn alátakò kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ síbi tó lè fi sáré. Àwa ní ayò méjì, wọn kò ní nǹkan kan. Mi ò tíì kọ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n padà wá jókòó kí ìpele kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀, Francis nìkan ló jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo apá rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù kó ara wọn sí ìpẹ̀kun kejì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ẹnikẹ́ni kò fún un lómi. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí i ni. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ojú sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Mo wá ń rò ó pé ọkùnrin yìí ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa láti ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó kí i. Lẹ́tà yín ti oṣù kẹta wà nínú àpò mi.

Mo dìde. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Francis. Kò tíì sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù yín láti ọ̀sán. Ó wà nínú ìwé mi.”

Ó gbójú sókè wò mí. Gbogbo bẹ́ǹṣì yí ojú sí mi. Ìtìjú mú mi, mo yára padà sí àyè mi. Dwayne bọ́ fìlà rẹ̀, ó jù ú mọ́ ilẹ̀, ó ní, “Ó ti bà á jẹ́.”

Àṣà wọn ni, Bàbá. Tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, wọn kì í bá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, wọn kì í sì dárúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ títí yóò fi parí. Èèwọ̀ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, nítorí sísọ rẹ̀ gan-an ni èèwọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìpele kẹjọ gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹnì kejì náà gbá a. Wọ́n gba ayò mẹ́ta kí Kóòṣì tó yọ Francis kúrò. A kò rí ayò kankan gbà mọ́. Mẹ́ta sí méjì. Ipò karùn-ún.

Kóòṣì kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn sọ pé kì í ṣe èmi ni mo ju bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun á parí èyí tó kù. Níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, Dwayne ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bíyìí.” Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́ tí mo bá dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kò sí ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù mọ́. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ń wá ilé-ìwé mìíràn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gbá bọ́ọ̀lù. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́. N kò sọ pé ẹ̀yin lẹ fà á. Mo ti pa ìlà yẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún kọ ọ́.

Bíyìí


Ìkirun
28 Oṣù Keje, 1986

Bíyìí ọmọ mi,

O pa ìlà kan rẹ́, o tún kọ ọ́. Ìyẹn ni pé o fẹ́ kí n kà á. Mo ti kà á.

Ó bí mi nínú fún ọjọ́ méjì. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àwọn ará ibẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó bi mí pé àwa náà ńkọ́, ṣé a kò ní ìgbà tí a kì í kí ènìyàn? Ó ní ṣé mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kí n máa kí ẹni tó wà nínú rẹ̀? Mo lọ mú bírò.

Èmi ni mo rán ọ. Tí ọmọdé bá ṣẹ ará ilé mìíràn, o mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ó dá nìkan lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣáájú. N kò lè wá sí Houston. Mo fi lẹ́tà kan sínú èyí, ti Francis ni, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Má ṣí i. Mú un lọ bá a nílé, kì í ṣe níta. Fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Tó bá kà á tán, má sọ nǹkan kan. Dúró títí yóò fi sọ̀rọ̀.

Nípa ẹgbẹ́ náà, má tan ara rẹ. Bí wọ́n tilẹ̀ dé ipò kẹrin, wọn kì bá dé ibì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Olúṣẹ́gun kí ọ. Ó ti gbà pé òun kò borí mi. Inú mi kò dùn sí i.

Bàbá rẹ,
B. Mákánjúọlá


Missouri City
24 Oṣù Kẹjọ, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú àfọkànsìn lórí ọ̀rọ̀ mi.

Mo ti jíṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé lẹ́tà náà kiri kí n tó lè lọ. Àǹtí Lará ló wá fi mọ́tò gbé mi dé Humble ní ọjọ́ ìsinmi wọn. Wọ́n dúró dè mí nínú mọ́tò, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin méjì nìyẹn.

Francis wà nílé. Ó ń bá bàbá rẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ẹrù àwọn arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfuurufú báyìí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ló fi bọ̀ mí. Ẹ̀yin mọ̀ pé ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Mo rò pé ó ń fi àbùkù kàn mí ni, mo sì ní ó tọ́ sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní lẹ́tà yín. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ti kọ ipò yín ní ìsàlẹ̀ pé ọ̀gá eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ó tún un kà.

Mo dúró. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ gan-an, Bàbá.

Ó wá ní, “Apá mi ti kú láti ìpele karùn-ún. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Gbogbo wọn sì ti kẹ̀yìn sí mi, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Nígbà tí o dìde tí o wá bá mi, inú mi dùn. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o bá mi pe Kóòṣì kó yọ mí kúrò. Mo la ẹnu báyìí, o ti sá padà.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí padà. Ó ní òun rò pé tí mi ò bá dúró, á jẹ́ pé mi ò fẹ́ gbọ́.

Dókítà ti sọ fún un pé kò lè ju bọ́ọ̀lù mọ́. Kò bínú sí mi. Mo wò ó dáadáa kí n lè rí ìbínú, mi ò rí i. Ó sin mí dé ìdí mọ́tò, ó kí Àǹtí Lará.

Ẹ ní kí n bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mo sọ, mo sì ti bẹ̀bẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún èkejì, pé mi ò dúró gbọ́. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sí mi.

Ilé-ìwé wọlé lọ́la. Wọ́n ti ń páàkì mọ́tò sórí pápá.

Francis ní kí n sọ fún yín pé òun gba ẹ̀bẹ̀ yín, pé òun mọrírì rẹ̀. Ẹ má retí lẹ́tà láti ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, kò sì lè di bírò mú pẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Bíyìí